Ráútà 60 GHz tí kò lè ré ògiri kan kọjá: ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni?

Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ àbúrò wa kan tó ń ṣe iṣẹ́ fídíò ní Ìbàdàn. Mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò ni mò ń yà, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ, gbogbo ẹ̀. Mo ra ráútà àlòkù kan tó ní 60 GHz, wọ́n kọ AD7200 sí i lára. Ẹni tó tà á fún mi ní á máa gbé 7 gígábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láptọ́ọ̀pù mi kan rí 60 GHz náà, àmọ́ fóònù mi ò rí i, kọ̀ǹpútà àwọn ọmọṣẹ́ mi náà ò rí i. Tí mo bá gbé láptọ́ọ̀pù yẹn wọ yàrá kejì, ó ti já nìyẹn. Íntánẹ́ẹ̀tì mi ò sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́, pé kò lè wúlò láéláé. Ìyàwó mi ní tòun, ó gbọ́ pé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ń ba ara jẹ́. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni? Ṣé kí n tà á?”

Àbúrò mi, wọn ò lù ọ́ ní jìbìtì. Ẹnu dídùn ni wọ́n fi tajà fún ọ. Ohun tó o rà kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ inú yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún, ìwọ sì ń retí pé kó ṣiṣẹ́ ká gbogbo ilé. Nǹkan mẹ́rin ló lọ́ mọ́ra wọn nínú ìwé rẹ: nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, íntánẹ́ẹ̀tì, ògiri, àti ọ̀rọ̀ ọ́síjìn pẹ̀lú ti ìlera. Màá tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ọ̀rọ̀ ògiri ni màá pẹ́ lé lórí jù, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà.

Nọ́ńbà ló kọ́kọ́ tàn ọ́ jẹ. 7200 yẹn kì í ṣe ìyára ohun kan ṣoṣo. Rédíò mẹ́ta ló wà nínú ráútà rẹ (GHz ń sọ iye bílíọ̀nù ìgbà tí ìgbì rédíò ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan): ti 60 GHz lè dé 4600 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti 5 GHz lè dé 1733, ti 2.4 GHz lè dé 800. Ro ó pọ̀, 7133 ni. Wọ́n wá sọ ọ́ di 7200 kó lè dùn létí. Kò sí láptọ́ọ̀pù tó ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. 4600 ló kàn ọ́, òun náà kò sì ní dé ọwọ́ rẹ tán, torí iye tó ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n kà. Àkókò tí ẹ̀rọ méjèèjì fi ń dá ara wọn lóhùn pé “mo ti rí i gbà” wà nínú rẹ̀, èyí tó sọnù tí wọ́n tún rán wà nínú rẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ gidi, tí nǹkan bá lọ déédéé, bí ìdajì ló ń kù fún fáìlì rẹ. Má sì gbàgbé pé bíìtì ni àwọn ọlọ́jà ráútà fi ń ka tiwọn, báìtì ni kọ̀ǹpútà rẹ fi ń ka fáìlì, bíìtì mẹ́jọ ló sì wà nínú báìtì kan. 4600 mẹ́gábíìtì tó ń dẹ́rù bani yẹn, 575 mẹ́gábáìtì péré ni, kó tó di pé a pín in sí méjì.

Ó tún kù. Yí ẹ̀yìn ráútà náà wò. Àwọn ihò tí wọ́n ń ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀, gígábíìtì kọ̀ọ̀kan ni èyí tó pọ̀ jù nínú irú ráútà bẹ́ẹ̀ ń gbà. Tí fídíò rẹ bá wà nínú kọ̀ǹpútà tó fi wáyà so mọ́ ráútà, ihò yẹn ló máa pàṣẹ: nǹkan bí 115 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ ló parí sí, 60 GHz ì báà máa fò lókè. Háádì dísìkì tó ń yí, irú èyí tó ń dún kẹrẹkẹrẹ tó o bá fi etí sí i, òun náà kì í sábà kọjá 150 sí 200. Ká ní fáìlì ìgbéyàwó kan jẹ́ 60 gígábáìtì. Tó bá ń lọ ní 115, bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni. Tó bá jẹ́ Wi-Fi 5 GHz tó ń fún ọ ní 40, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Èrè wà níbẹ̀ o, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n pariwo fún ọ lọ́jà.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì kò gba àlàyé púpọ̀. Ohun tí ráútà ń yára fún ni ohun tó ń lọ láàárín ẹ̀rọ tìrẹ àti ẹ̀rọ tìrẹ. Ohun tó ń ti ìta wọlé, ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ bá gbé dé ẹnu ọ̀nà rẹ ló máa jẹ́. Bó bá jẹ́ 20 mẹ́gábíìtì ni wọ́n ń gbé wá, 20 náà ni, kódà kó o so ráútà mẹ́wàá mọ́ra.

Kí ló wá gbé wọn dé 60 GHz? Àyè ni wọ́n ń wá. Gbogbo 2.4 GHz tí ìwọ, àwọn ará àdúgbò, Bluetooth àti ààrò máíkíróweefù ń já mọ́ra yín lọ́wọ́, kò fẹ̀ ju 83.5 MHz lọ (1000 MHz ló wà nínú GHz kan). Ní 5 GHz, ìkànnì tó fẹ̀ jù jẹ́ 160 MHz. Ní 60 GHz, ìkànnì kan ṣoṣo fẹ̀ tó 2160 MHz, ó sì lé ní ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbogbo 2.4 GHz lápapọ̀. Ibi tí ìyára rẹ̀ ti wá nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n dá ọgbọ́n àrà kankan tó ju ti Wi-Fi tó kù lọ, ojú ọ̀nà ló gbòòrò. Ìgbì náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ọdún 1900 kò tíì pé ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Jagadish Chandra Bose, ti ń fi ìgbì tó kúrú tó mìlímítà 5, ìyẹn 60 GHz gan-an, ṣe ìwádìí ní Calcutta ní Íńdíà. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ó wọ inú ẹ̀rọ tí a ń rà lọ́jà. Ní 2009 ni àwọn ilé iṣẹ́ kan kó ara wọn jọ lábẹ́ orúkọ WiGig, 802.11ad, ìlànà Wi-Fi 60 GHz tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní IEEE ṣe, jáde ní òpin 2012, ẹgbẹ́ WiGig sì wọnú Wi-Fi Alliance, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó Wi-Fi, ní 2013. “AD” tó ṣáájú 7200 lára ráútà rẹ, 802.11ad yẹn ló ń tọ́ka sí.

Ó wá ku ògiri. Rántí pé ìgbì 2.4 GHz gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12 àbọ̀, ti 60 GHz jẹ́ mìlímítà 5. Bí ìgbì bá ti kúrú tó, bẹ́ẹ̀ ni áńtẹ́nà rẹ̀ ń kéré tó, áńtẹ́nà kékeré kò sì lè kó púpọ̀ jọ nínú ohun tó ń kọjá lára rẹ̀. 60 jẹ́ ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n 2.4; agbára tí áńtẹ́nà lásán yóò rí kó yóò sì dín ní ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyẹn 625. Ibi tí Wi-Fi àtijọ́ ti ń rí 625, tìrẹ ń rí ẹyọ kan, kò sì tíì kan ògiri kankan o, nínú yàrá gbalasa ni. Ohun tí àwọn tó ṣe é wá ṣe ni pé wọ́n to áńtẹ́nà púpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Torí mìlímítà 2 àbọ̀ ló nílò láti wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, méjìlélọ́gbọ̀n lè wà lórí pátákó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 1 lọ. Gbogbo wọn á jọ pa ohùn pọ̀, agbára tí ì bá fọ́n káàkiri yàrá á wá dojú kọ ibì kan bí iná tọ́ọ̀ṣì. Kí ráútà tó mọ ibi tí láptọ́ọ̀pù wà, á kọ́kọ́ dojú kọ apá ibí, á sọ̀rọ̀. Á dojú kọ apá ọ̀hún, á sọ̀rọ̀. Láptọ́ọ̀pù á wá fèsì pé ìkẹta ni mo gbọ́ jù. Gbogbo ìyẹn á ti parí kó o tó ṣẹ́jú.

Ọgbọ́n yẹn borí ọ̀nà jíjìn nínú yàrá. Kò borí ògiri wa. Mo sọ pé ògiri wa, torí ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà nìyẹn. Àwọn tó ń dán irú ráútà yìí wò ní Amẹ́ríkà, inú ilé tí wọ́n fi pátákó jíbúsọ́ọ̀mù pín yàrá ni wọ́n wà. Irú ògiri fẹ́lẹ́ yẹn, 60 GHz lè pàdánù díẹ̀ níbẹ̀ kó sì ṣì yọ lódì kejì. Ìwọ ní tìrẹ, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́lé rẹ, wọ́n rẹ́ ẹ nínú, wọ́n rẹ́ ẹ lóde. Kò sí ohun tó kù fún láptọ́ọ̀pù láti gbọ́. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ lè jẹ́ kó yọjú díẹ̀, bí láptọ́ọ̀pù bá wà níbi tí ojú ráútà ti lè rí i. Gíláàsì ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn pákó tó nípọn ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ènìyàn pàápàá, ògiri ni. Omi ló pọ̀ jù nínú ara wa, ara èèyàn kan tó bá sì dúró sí àárín lè dín agbára ìgbì náà kù ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí i kedere ní ọ́fíìsì kan tí mo ti bá wọn to irú rẹ̀. Wọ́n gbé ráútà sórí tábìlì, láptọ́ọ̀pù wà ní mítà mẹ́rin sí i, nọ́ńbà ìsopọ̀ tó hàn lójú rẹ̀ jẹ́ 3080 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ kan gbé tíì kọjá láàárín, nọ́ńbà já sí 770. Ọmọ náà dúró kí ọ̀gá, nọ́ńbà lọ sókè díẹ̀, torí ráútà ti wá ọ̀nà mìíràn, ó ń ta ìgbì náà mọ́ àjà kó tó dé ọ̀dọ̀ láptọ́ọ̀pù. Ọmọ náà jáde, ó padà sí 3080. A gbé ráútà kúrò lórí tábìlì, a gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù gíga lábẹ́ àjà, wàhálà náà sì dín kù púpọ̀, torí orí èèyàn kò ga dé ibẹ̀. Tó o bá máa ṣe ohun kan lónìí, ìyẹn ni kó o ṣe.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó sọ̀rọ̀ ọ́síjìn kò purọ́, kò kàn wọn ọ̀rọ̀ náà ni. Lóòótọ́, ọ́síjìn ń mu ìgbì 60 GHz ju bó ṣe ń mu àwọn ìgbì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 15 ló ń mu nínú kìlómítà kan; dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá mẹ́wàá ni a fi ń pín agbára sí mẹ́wàá, nítorí náà 15 yẹn ń sọ ọgbọ̀n di ẹyọ kan. Kìlómítà kan ni mo wí o. Yàrá rẹ, mítà mẹ́wàá ni, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀. Nínú mítà mẹ́wàá, 0.15 ni ọ́síjìn mú, ẹ̀rọ kankan ò ní mọ̀. Kódà àǹfààní kan wà níbẹ̀: torí pé ìgbì náà kì í lọ jìnnà, ti aládùúgbò kì í wá ṣèdíwọ́ fún tìrẹ, ó sì wà lára ohun tó mú kó rọrùn fún àwọn ìjọba láti ṣí i sílẹ̀ fáwọn èèyàn láìgba ìwé àṣẹ. Amẹ́ríkà ṣí 57 sí 64 GHz, nígbà tó di 2016 wọ́n fà á dé 71.

Ìyàwó rẹ tọ̀nà láti béèrè. Èmi kì í ṣe dókítà, ohun tí mo mọ̀ nípa rédíò ni màá sọ. Ìgbì 60 GHz kò lágbára tó lè fọ́ ohun inú ara sí wẹ́wẹ́ bíi ti X-ray. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán tá a fi ń ríran ga jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ohun tí a mọ̀ pé ó ń ṣe sí ara ni pé ó ń mú un gbóná tí agbára rẹ̀ bá pọ̀, kì í sì í wọlé ju awọ ara lọ, kò tó mìlímítà kan. Agbára tí ráútà ilé ń gbé jáde kéré, ìlànà àgbáyé sì wà tó fi òpin sí i. Ìbẹ̀rù tó gbòde ní 2020 nígbà ariwo 5G lè wà lára ohun tó ń da ìyàwó rẹ láàmú. Jẹ́ kó mọ̀ pé 5G tí MTN bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2022, 3.5 GHz ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbì onímìlímítà rárá.

Ó ku ìdí tí fóònù rẹ àti kọ̀ǹpútà àwọn ọmọṣẹ́ kò fi rí i. Rédíò ọ̀tọ̀ ló ń gbọ́ 60 GHz, tí ẹ̀rọ kan kò bá ní in nínú, kò sí ètò tó o lè fi sí i tí yóò fi rí i. Fóònù tó ní in kò pọ̀. ROG Phone ti Asus tó jáde ní 2018 wà lára wọn. Ọjà náà kò tà bí wọ́n ṣe rò. Intel tó ń ṣe káàdì rẹ̀ fún láptọ́ọ̀pù kéde ní 2017 pé àwọn ń fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ibi tó sì kù tó ti rọ́wọ́ mú ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń dé sójú fi ṣeré, bíi HTC Vive tí wọ́n ṣe aláìníwáyà fún ní 2018. Ibẹ̀ bá a mu: yàrá kan, ojú kan, dátà púpọ̀. Ìlànà tó tẹ̀ lé e, 802.11ay, jáde ní 2021, ó lè so ìkànnì mẹ́rin pọ̀, ó yára gan-an, àmọ́ orí òrùlé, láti ilé kan sí èkejì, ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, kì í ṣe nínú láptọ́ọ̀pù. Èyí ni mo fi ń sọ fún ọ láìfi bọpo bọyọ̀ pé má náwó wá káàdì 60 GHz fún kọ̀ǹpútà àwọn ọmọṣẹ́ rẹ. Àlòkù ni wàá máa rà títí, ọjọ́ tó bá bàjẹ́, kò sí ẹni tó máa tún un ṣe.

Tí mo bá wà ní ipò rẹ, wáyà ni màá kọ́kọ́ rò. Mo mọ̀ pé kò dùn létí ẹni tó ra ráútà aláìníwáyà, àmọ́ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Cat6 láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì, pẹ̀lú swíìṣì 2.5 gígábíìtì, ìyẹn àpótí tí àwọn wáyà náà ti ń pàdé, á ṣe iṣẹ́ tí 60 GHz ń ṣèlérí, kò sì ní bìkítà ẹni tó ń kọjá. Ibi tí o kò bá lè fa wáyà dé, Wi-Fi 6 tó ń lo 160 MHz lè ṣe ìsopọ̀ 2400 mẹ́gábíìtì, yóò sì gba inú ògiri díẹ̀ kọjá. Iye tó o máa rí ní yàrá kejì á kéré sí ti yàrá kìíní, àmọ́ kò ní já pátápátá. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lo ń gbé fáìlì ńlá, SSD kékeré, ohun ìtọ́jú fáìlì tó yára tó o lè kì sápò, lè jù gbogbo wọn lọ.

Ibì kan tí màá ti gbà ọ́ nímọ̀ràn 60 GHz láìṣiyèméjì ni bí ilé tí ẹ ti ń gé fídíò bá wà ní òdìkejì títì sí ṣọ́ọ̀bù rẹ. Wọ́n ń ta áńtẹ́nà méjì tó ń wojú ara wọn, bíi Wireless Wire ti ilé iṣẹ́ MikroTik tí wọ́n ṣe fún nǹkan bí 200 mítà, wọ́n á sì gbé gígábíìtì kan láìsí wáyà tí ààrá lè gbà wọ inú ẹ̀rọ rẹ láti ilé kejì. Òjò ńkọ́? Òjò arọ̀rọ̀dá ti ìhà ọ̀dọ̀ wa, èyí tó ń rọ̀ 100 mìlímítà ní wákàtí kan, á mú bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 29 nínú kìlómítà kan. Ní 100 mítà, 3 péré ni, àti 1 àbọ̀ ti ọ́síjìn, ìsopọ̀ á dúró. Ní kìlómítà kan, 44 ni méjèèjì lápapọ̀, ìsopọ̀ lè lọ títí òjò á fi dá. Igi tó bá wà láàárín burú ju òjò lọ, torí igi kì í dá. Kí o tó gbé e sórí òrùlé, béèrè lọ́wọ́ NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, irú ìwé tí wọ́n ń fẹ́ fún 60 GHz níta.

Kó o tó pinnu bóyá kó o tà á, dán an wò báyìí. Gbé ráútà sókè nínú yàrá tó o ti ń gé fídíò. Fi wáyà so kọ̀ǹpútà kan tó ní SSD mọ́ ọn. Gbé láptọ́ọ̀pù rẹ sí mítà méjì tàbí mẹ́ta, kí ohunkóhun má wà láàárín, rí i pé 60 GHz ló wà lórí rẹ̀, kó o wá kọ fáìlì kan ṣoṣo tó tó 10 gígábáìtì láti orí kọ̀ǹpútà yẹn sí SSD láptọ́ọ̀pù. Fáìlì kan ni o, kì í ṣe fọ́tò ẹgbẹ̀rún kan, torí fáìlì wẹ́wẹ́ ń fa ohun gbogbo sẹ́yìn. Tó bá dúró sí nǹkan bíi 110 mẹ́gábáìtì, ráútà rẹ ò ní àléébù kankan, ihò wáyà ló dé òpin. Fi í sílẹ̀ fún yàrá yẹn nìkan, kí 5 GHz rẹ̀ máa bá gbogbo ilé lò. Tí kò bá tó 60, yí ojú ráútà àti ti láptọ́ọ̀pù padà díẹ̀díẹ̀, kó o tún un dán wò. Bó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, tà á, fi owó rẹ̀ ra wáyà àti swíìṣì.